Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí Berlevåg

Tíkẹ́ẹ̀tì sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni
láti Mehamn dé Berlevåg.
Bí àádọ́ta kìlómítà, bí ẹyẹ bá ń lọ tí kò wẹ̀yìn.
Ọ̀nà ilẹ̀ ńkọ́? Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀,
ìyẹn bí òkè Ifjord kò bá tilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀ síta.
Láti oṣù kọkànlá ló ti ń tì í, tó ń ṣí i,
bí arúgbó tí kò mọ àlejò tí òun fẹ́ gbà.

Gunnvor lorúkọ mi. Ẹja ni mo ń là nílé-iṣẹ́ etí èbúté.
Mo mọ ìwọ̀n. Mo mọ kílò, mo mọ ìdajì kílò,
ọ̀bẹ mi kì í ṣìnà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun.
Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, báwo ni Halfdan àbúrò mi ti jìnnà tó?
Ọdún mẹ́sàn-án.
Ọkọ̀ ojú omi bàbá wa ló fà á:
ó tà á kí n tó gbọ́ pé wọ́n ń ná an.

Ó wá pè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kò kí mi.
"Wọ́n fẹ́ la àyà mi ní Tromsø lọ́jọ́ Ẹtì.
Ṣé èso àbàtà tí màmá sè sínú igò ṣì kù lọ́wọ́ rẹ?"
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí fíríìjì rẹ̀ ti ń kùn.
Mo ní ó ku ẹyọ kan.

Ní pápákọ̀, ọmọ Sigmund tó ń yẹ ẹrù wò
gbé igò náà sókè síbi iná, ó mi orí.
"Èyí ò lè bá yín jókòó, ìyá. Inú ikùn ọkọ̀ ni."
Mo fi ìbọ̀sẹ̀ bàbá wa wé e lẹ́ẹ̀mejì.

Àwa méje péré la wọ bàálù.
Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, òjò dídì fọ́n ká bí ìyẹ̀fun.
Mo ṣẹ́jú: Mehamn ti di iná bíi mẹ́wàá.
Mo ṣẹ́jú: òkun nìkan, dúdú, kò sí ìlà lára rẹ̀.
Ọ̀sán gangan ni o, ṣùgbọ́n oòrùn wa
kò tíì ti ìrìn àjò oṣù méjì rẹ̀ dé.
Mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
n kò tíì rí èyí tó ṣáájú,
ọkọ̀ ti ń tẹrí ba.

Mo rí odi òkúta tó ń bá ìgbì jà.
Mo rí òrùlé ilé rẹ̀. Mo rí iná ilé ìdáná,
àti ẹnìkan lójú fèrèsé,
àbí aṣọ fèrèsé ni.
Atẹ́gùn gbá wa létí. Ẹ́ńjìnnì ké,
ilẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ wa padà sísàlẹ̀.
Ojú tó o, ọwọ́ ò tó o.
Awakọ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni ń ka oúnjẹ ọ̀la:
ó di Kirkenes.

Ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì mo pè é.
"Mo rí iná rẹ."
"Mo gbọ́ ariwo yín. Mo ti gbé omi kọ́fí kaná nígbà yẹn."
"Ṣé o mu ún?"
"Mo mu ife méjèèjì."
Mo tú ìbọ̀sẹ̀ wò. Igò kò fọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Rú ọmọbìnrin orí káńtà
tẹ ìwé tuntun fún mi.
Mo bi í, ìṣẹ́jú mélòó?
Ó ní, "Márùndínlọ́gọ́ta, pẹ̀lú ibi tí a ó ti yà."
Ó wo ìta, níbi tí àsíá ti na gbọnrangandan.
"Ohun tí ìwé sọ nìyẹn."